Kọ́là ṣí-i-pa-á-dé lára búláòsì kọ̀ láti jókòó fún mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí

Aránṣọ Kúbwà
Ọjọ́ Ajé, 8:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ kú ooru. Kúbwà ni mo ti ń ránṣọ, ọdún kẹta rèé tí mo ṣe fírídọ̀mù. Oníbàárà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Secretariat gbé àdìrẹ yáàdì mẹ́ta wá. Ó ní kí n fi rán búláòsì alápá gígùn fún òun. Ó fẹ́ kí kọ́là rẹ̀ ṣeé pa dé títí dé ọ̀fun nígbà tí òun bá wọ híjáàbù lọ síbi iṣẹ́, kí òun sì lè ṣí bọ́tìnnì òkè nígbà tí òun bá wà láàárín àwọn obìnrin, kí iwájú rẹ̀ ṣẹ́ síta bíi ti kóòtù. Convertible collar ni àwọn tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aránṣọ ń pè é. Kọ́là ṣí-i-pa-á-dé ni ọ̀gá mi ń pè é, ṣùgbọ́n a kò rán an rí ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́dọ̀ wọn. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ni mo mọ̀ dáadáa.

Ọjọ́ Sátidé ni mo parí rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e wọ dọ́mì, ère tí a ń fi wọ aṣọ wò, inú mi bàjẹ́. Bí mo bá pa á dé, ẹnu kọ́là méjèèjì ń gun orí ara wọn níwájú dípò kí wọ́n kàn pàdé. Lẹ́yìn, kọ́là ń gòkè, ó ń fi òwú ọrùn hàn. Bí mo bá wá ṣí i, lápẹ́lì, ìyẹn iwájú tó yẹ kó ṣẹ́ síta, nà ró gan-an, kò sùn sáyà. Etí fésìn, aṣọ inú tó bo etí iwájú, tí mo wíìfì kí ó má bàa tú, sì ń yọjú nítòsí èjìká.

Aṣọ tó kù lọ́wọ́ mi kò ju 27 ínǹṣì lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìyá Ìbejì Nyanya
Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́

Kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Kí ẹnikẹ́ni tó máa kọ ọ̀rọ̀ gígùn, dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta. Nígbà tí o wọn ọrùn aṣọ láti fi gé kọ́là, ibo ni téèpù rẹ parí sí níwájú? Báwo ni kọ́là náà ṣe ga tó? Irú stay wo, ìyẹn aṣọ tó ń mú kọ́là dúró láti inú, lo fi sí i?

Aránṣọ Kúbwà
Ọjọ́ Ajé, 8:44 alẹ́

Ẹ ṣé, mà. Láti àárín ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n dé etí aṣọ níwájú pátápátá, níbi tí ẹ̀gbẹ́ kan ti ń gun èkejì fún bọ́tìnnì, tó fi ¾ ínǹṣì kọjá àárín iwájú. Ó jẹ́ 8¾ ínǹṣì, ìyẹn ni pé gbogbo kọ́là jẹ́ 17½. Gíga rẹ̀ lẹ́yìn tí mo rán an tán jẹ́ 2½. Hard stay ni mo fi sí kọ́là òkè àti ti abẹ́, mo sì fi sí fésìn. Fésìn náà fẹ̀ ní ínǹṣì méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ìyá Ìbejì Nyanya
Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́

Ó ti hàn. Kọ́là yìí kì í dé etí aṣọ, àárín iwájú ló ń dúró sí. Ibi tí bọ́tìnnì ti ń gun ara, ìyẹn ¾ ínǹṣì tó kù yẹn, lápẹ́lì ló ni ín. O gba ti lápẹ́lì, o fi fún kọ́là. Ìdí nìyẹn tí ẹnu méjèèjì fi gun ara wọn ní ínǹṣì kan àtààbọ̀. Bàbá Kàdúná máa ń wọlé síbí tí wọ́n bá ti kírun Ìṣáì tán, wọ́n á ṣàlàyé ìyókù.

Bàbá Télọ̀ Kàdúná
Ọjọ́ Ajé, 9:26 alẹ́

Mo ti kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀, aṣọ yẹn kò tíì bàjẹ́.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí o ń rán. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tí o mọ̀ ní abala méjì: ìdè tó dúró yí ọrùn ká, àti ewé tó ṣubú bo ìdè náà. Èyí kò ní ìdè. Abala kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: ó gòkè díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn, ó ṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó wá bò. Bí pìjámà bá wà nílé rẹ, gbé e sórí tábìlì kí o wò ó dáadáa. Kọ́là ara rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ó yá, mú bébà. Wọn ọrùn ẹ̀yìn láti àárín dé èjìká. Wọn ọrùn iwájú láti èjìká dé àárín iwájú, kí o sì dúró síbẹ̀. Má tẹ́ téèpù pẹrẹsẹ. Gbé e dúró lórí etí rẹ̀, kí ó lè bá ìyípo ọrùn rìn. Ojú ìlà ìránṣọ ni kí o wọ̀n, má wọn etí aṣọ tí o gé. Bí mo bá yọ ¾ kúrò nínú 8¾ rẹ, 8 ló kù. Fa àpótí tó gùn ní 8, tó ga ní 3. Ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀ ni àárín ẹ̀yìn, níbẹ̀ ni aṣọ yóò ti ṣẹ́po. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni àárín iwájú. Sàmì sí ibi tí èjìká bọ́ sí lórí ìlà ìsàlẹ̀. Láti ẹ̀yìn dé èjìká, fi ìlà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti èjìká lọ sí iwájú, máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ga ní ½ ínǹṣì ní àárín iwájú. Lẹ́yìn náà, fa ẹnu kọ́là jáde ní ½ tàbí ¾ ínǹṣì, kí ó ní ṣóńṣó. Fi ½ ínǹṣì kún un yípo fún ìránpọ̀, àfi àárín ẹ̀yìn tó ṣẹ́po.

Ní ti ẹ̀yìn tó ń gòkè, 2½ yẹn ló fà á. Apá tó ń bò gbọ́dọ̀ ju apá tó ń dúró lọ, ó kéré tán ní ½ ínǹṣì, kí ó tó lè bo òwú ọrùn. Nínú 3 ínǹṣì, 1¼ á dúró, 1¾ á bò ó. Nínú 2½ tìrẹ, ìdajì dúró, ìdajì bò ó, kò wá sí ohun tó kù láti fi bo ìránpọ̀.

Ní ti fésìn, ínǹṣì méjì gbọọrọ kò tó. Tí iwájú bá ṣẹ́ síta, fésìn ló di ojú aṣọ. Gbogbo ìlà tí yóò ti ṣẹ́, láti ibi bọ́tìnnì kejì lọ sókè dé ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká, inú fésìn ló gbọ́dọ̀ wà. Nítorí náà, fésìn gbọ́dọ̀ gun dé ojú ìránpọ̀ èjìká, kí ó fẹ̀ ní 2½ níbẹ̀, kí ó wá rọra yí wálẹ̀ títí yóò fi di ínǹṣì mẹ́ta tó bọ́ sílẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ aṣọ. Ojú iwájú aṣọ náà ni kí o tẹ́ sórí bébà, kí o sì ya fésìn láti ara rẹ̀. Má fojú díwọ̀n.

27 ínǹṣì tó kù á gbà ọ́. Fésìn méjèèjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní gígùn aṣọ, kọ́là méjèèjì á sì wọ inú ààyè tó kù. Ṣùgbọ́n má fi sísọ́ọ̀sì kan àdìrẹ yẹn títí wàá fi fi aṣọ mìíràn dán an wò. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Kàdúná níbí, tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri ṣì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, báfù funfun pọ̀ nílẹ̀, òun ni ọ̀gá wa fi ń mú wa dán gbogbo pátáànì wò. Kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan aṣọ olówó kí báfù tó jókòó sára dọ́mì. Lónìí, ṣíìtì bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó ni mo ń lò.

Àbẹ̀kẹ́ Sábó Kánò
Ọjọ́ Ajé, 10:03 alẹ́

Bàbá, mo kí yín o. Ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ẹ jọ̀wọ́, ibì kan ni n kò ti bá yín lọ: ½ ínǹṣì tí ẹ ní kí ó gbé sókè níwájú.

Bí a bá ṣe ń gbé iwájú sókè tó ni etí òde kọ́là ń kúrú tó, tí kọ́là sì ń mú ọrùn. Bí obìnrin náà bá fẹ́ máa pa á dé nígbà gbogbo, ó dára. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ṣí i pẹ̀lú. Kọ́là tó mú ọrùn kì í fẹ́ sùn nígbà tí a bá ṣí i, ó máa ń ti lápẹ́lì síwájú. Kánò ni mo wà, ẹ mọ bí oṣù kẹta àti ìkẹrin ṣe ń rí níbí. Àwọn oníbàárà mi kì í fara da ohun tó lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. ¼ ínǹṣì péré ni mo ń gbé sókè. Lẹ́yìn náà, mo máa ń la pátáànì náà láti etí òde wá sí ìlà ọrùn ní ojú méjì tàbí mẹ́ta láàárín èjìká àti ẹ̀yìn, n kò ní jẹ́ kí ó já, mo á wá ṣí ojú kọ̀ọ̀kan ní 1/8 ínǹṣì. Etí òde á gùn sí i, kọ́là á rọ̀ sílẹ̀, á sì bo òwú ẹ̀yìn láìsí wàhálà.

Ohun kejì, ẹ kò tíì bi í bóyá ó fọ àdìrẹ náà. Àbúrò, ṣé o fọ̀ ọ́? Bó jẹ́ aṣọ aró, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n rẹ ní Kofar Mata níbí tàbí ti Abẹ́òkúta, fi omi tútù fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́. Aró á máa lẹ̀ mọ́ híjáàbù funfun tó fẹ́ wọ̀ lé e, ọrùn ló sì máa ń làágùn jù. Bó bá jẹ́ alábẹ́là, omi gbígbóná ló ń yọ àbẹ́là tó bá kù lára rẹ̀. Gum stay, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ bí a bá fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, kì í mú ibi tí àbẹ́là bá wà, kọ́là á wá wú kúlukùlu lẹ́yìn ìfọṣọ kìíní. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lára aṣọ ẹgbẹ́ odindi, mo sì tún gbogbo rẹ̀ rán láìgba kọ́bọ̀.

Dẹsáínà Gwarinpa
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kánò lórí ¼. Mo fẹ́ fi nǹkan díẹ̀ kún un.

Ẹ bá mi sọ fún un kí ó yọ hard stay yẹn kúrò pátápátá. Hard stay ti ìdè ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ni. Kọ́là yìí gbọ́dọ̀ rọ̀ kí ó lè lọ kí ó sì bọ̀. Gum stay tó fẹ́lẹ́ ni kí ó lò, kí ó sì fi sí kọ́là òkè nìkan àti fésìn. Òkè ni mo yàn nítorí pé àdìrẹ kì í nípọn, ìránpọ̀ inú máa ń hàn bí òjìji bí kò bá sí ohun tó bò ó mọ́lẹ̀. Kí ó gé stay náà kúrú díẹ̀ kí ó má bàa wọ inú ìránpọ̀.

Kọ́là abẹ́ kò gbọdọ̀ tóbi tó ti òkè. Gé 1/8 ínǹṣì kúrò ní etí òde rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀, má fọwọ́ kan ìlà ọrùn. Bí o bá ń rán wọn pọ̀, fa ti abẹ́ díẹ̀ kí etí wọn dọ́gba. Tí o bá dojú rẹ̀ bọ̀, ìránpọ̀ á yí wọ abẹ́ fúnra rẹ̀, ojú kò ní rí i. Bí aṣọ bá tó, gé ti abẹ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí ó yí dáadáa.

Èmi kì í fi fésìn sí ẹ̀yìn ọrùn o. Aṣọ lórí aṣọ lórí aṣọ nínú ooru Àbújá, kí la fẹ́ fi ṣe? Kọ́là abẹ́ ni mo ń rán mọ́ ọrùn ẹ̀yìn. Ti òkè, mo máa ń ká etí rẹ̀ wọnú láti èjìká kan dé èkejì, mo á fi ọwọ́ rán an mọ́lẹ̀. Ó mọ́, ó sì fúyẹ́.

Aláǹkárá Jos
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa, n kò gbà pẹ̀lú yín lórí èyí tó kẹ́yìn. Ọ̀nà yẹn fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ la ìránpọ̀ ní èjìká méjèèjì kan òwú kí ẹ tó lè ká kọ́là òkè wọnú. Ojú tí ẹ là yẹn ni aṣọ ti ń kọ́kọ́ ya, pàápàá bí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́ ní maṣíìnì. Ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ ló ń béèrè. Bí sísọ́ọ̀sì bá kọjá òwú ní ìlà kan ṣoṣo, kò sí aṣọ tó kù láti fi tún un ṣe.

Kí ó fi fésìn sí ẹ̀yìn, kí ó fẹ̀ ní 2½ bíi ti iwájú ní èjìká. Kí ó rán fésìn iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀ ní èjìká, kí ó wíìfì etí òde rẹ̀, kí ó wá fi kọ́là sáàárín aṣọ àti fésìn, kí ó rán an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlà kan, ó parí. Kò sí ojú tí òwú yọ síta.

Ní ti ìdàgẹ̀rẹ̀, bí àdìrẹ yẹn bá ní àwòrán ńlá, ó kù díẹ̀ kí ó tó nínú 27 ínǹṣì. Kọ́là abẹ́ tó ní ìránpọ̀ ní àárín ẹ̀yìn náà á ṣe é.

Dẹsáínà Gwarinpa
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 àárọ̀

Òótọ́ ni ti sísọ́ọ̀sì. Fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, fésìn ẹ̀yìn ló dáa jù. Mo gbà. Àmọ́ kí ó má fi stay sí fésìn ẹ̀yìn náà. Ti iwájú tó.

Mo Ń Wọ̀ Ọ́, N Kò Mọ̀ Ọ́n Rán
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:22 ọ̀sán

Ẹ má bínú pé mo wọlé, n kì í ṣe aránṣọ. Lugbe ni mo ń gbé, mo sì ní irú búláòsì yìí mẹ́rin nítorí iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa rò ni bọ́tìnnì òkè. Méjì nínú mẹ́rin tí mo ní, ihò bọ́tìnnì ńlá ni wọ́n gbẹ́ sí igun lápẹ́lì. Bí mo bá ṣí kọ́là, ihò náà á máa wo gbogbo ènìyàn lójú, ẹ̀yìn rẹ̀ tí òwú ti já ló sì máa ń bọ́ síta. Bí mo bá sì pa á dé lábẹ́ híjáàbù, bọ́tìnnì yẹn ń tẹ ọ̀fun mi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, n kì í lè gbé itọ́ mì dáadáa.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan sí i.

Ìyá Ìbejì Nyanya
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán

Inú mi dùn pé ẹ sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ ń wọ̀ ọ́. Àbúrò Kúbwà, gbọ́ èyí dáadáa. Má gbẹ́ ihò sí òkè rárá. Lúùpù ni kí o fi síbẹ̀.

Ti obìnrin, ọ̀tún ló ń gun òsì. Gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, rán an, dojú rẹ̀ bọ̀, kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Kí o tó rán fésìn mọ́ aṣọ, kọ́kọ́ de lúùpù náà mọ́ igun òkè lápẹ́lì ọ̀tún. Bọ́tìnnì kékeré kan, tó pẹlẹbẹ, á wà ní òsì, ¾ ínǹṣì kọjá àárín iwájú, ní abẹ́ kọ́là. Bó bá pa á dé, kọ́là òsì á bo bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Bó bá ṣí i, lúùpù kékeré ni yóò kù ní igun, ojú kì í tètè rí i.

Nítorí ọ̀fun, sọ ọrùn iwájú kalẹ̀ ní ¼ ínǹṣì ní àárín, kí o sì fẹ ẹ̀gbẹ́ ọrùn ní 1/8 ní èjìká. Tí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, tún ọrùn wọ̀n kí o tó gé kọ́là, nítorí 8 ínǹṣì tí Bàbá sọ á ti yí padà.

Ihò tó kù lọ sí ìsàlẹ̀, gbé e lọ sọ́dọ̀ Máláàmù tó ní maṣíìnì ihò bọ́tìnnì. Fi ìrépé aṣọ náà, pẹ̀lú stay lára rẹ̀, dán an wò lójú rẹ kí ó tó kan búláòsì.

Bàbá Télọ̀ Kàdúná
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:57 alẹ́

Àbẹ̀kẹ́, mo ti ronú sí ohun tí o sọ láti àná. Òtítọ́ ni. ½ tí mo ń lò, aṣọ tí wọ́n ń pa dé lójoojúmọ́ ni mo fi kọ́ ọ: aṣọ ilé ìwé, aṣọ nọ́ọ̀sì. Fún obìnrin tó fẹ́ ṣí i pẹ̀lú, ¼ ló tọ́. Ọmọ mi, lo ¼.

Nǹkan méjì ni mo gbàgbé. Èkíní, bọ́tìnnì kejì ló ń pinnu ibi tí lápẹ́lì yóò ti ṣẹ́. Má fi sí i jìnnà jù sísàlẹ̀. Ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́ta àtààbọ̀ sí ọrùn tó, pàápàá fún obìnrin tó ń wọ híjáàbù. Bí àyà bá tóbi, jẹ́ kí bọ́tìnnì kan bọ́ sí ibi tí àyà ti yọ jù, kí o wá pín àwọn yòókù láti ibẹ̀.

Èkejì, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù tẹ ìlà tí lápẹ́lì ti ń ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ó yí fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọjọ́ tó bá pa á dé, ìlà náà á là gbọọrọ sí àyà rẹ̀. Orí kọ́là náà bẹ́ẹ̀: lọ etí rẹ̀, má lọ ibi tó ti ṣẹ́.

Aránṣọ Kúbwà
Ọjọ́rú, 5:36 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú àárò mi. Mo ti ṣe é lórí ṣíìtì àtijọ́. Lẹ́yìn tí mo sọ ọrùn kalẹ̀, 8 ínǹṣì di 8 àti 3/8. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Kọ́là ga ní 3, mo gbé iwájú sókè ní ¼, mo la ojú méjì, mo ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1/8. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu méjèèjì pàdé ní àárín iwájú! Ẹ̀yìn bo òwú tán.

Ẹ̀gbọ́n Kánò, n kò tíì fọ àdìrẹ náà nígbà tí mo kọ́kọ́ rán an. Mo ti tú kọ́là àti fésìn, mo rẹ gbogbo rẹ̀ sómi. Omi àkọ́kọ́ dúdú bí aró gan-an. Ìkẹrin ló mọ́. Aṣọ tó kù náà, mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dà mí láàmú: ibi tí kọ́là ti pàdé lápẹ́lì, ní àárín iwájú gan-an. Lára ṣíìtì náà, ó ń ká jọ, ó ní ihò kékeré ní apá kan. Mo ti tú u lẹ́ẹ̀mejì.

Aláǹkárá Jos
Ọjọ́rú, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ṣé o la ọrùn níbẹ̀ kí o tó yí i bọ̀?

Aránṣọ Kúbwà
Ọjọ́rú, 6:14 ìrọ̀lẹ́

Mo là á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, n kò là á dé òwú.

Bàbá Télọ̀ Kàdúná
Ọjọ́rú, 9:12 alẹ́

Ẹ̀rù yẹn ló ń ká a jọ. Ṣe é báyìí.

Kí o tó fi kọ́là sí i, rán ọrùn aṣọ yípo ní ìlà kan ṣoṣo, 1/16 ínǹṣì sínú àyè ìránpọ̀, kí ọrùn má bàa fẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Fi píìnì de àárín ẹ̀yìn kọ́là mọ́ àárín ẹ̀yìn aṣọ, èjìká mọ́ èjìká, ẹnu kọ́là mọ́ àárín iwájú. Àyè ìránpọ̀ ẹnu kọ́là ti wọnú tẹ́lẹ̀, nítorí náà etí rẹ̀ tó ti parí ni kí ó kan àmì náà, kí ó má kọjá rẹ̀ bí òwú, kí ó má sì kù. Ibẹ̀ ni ihò rẹ ti wá: ẹnu kọ́là rẹ ní apá kan kò dé àmì.

Tẹ́ fésìn lé e lórí. Bẹ̀rẹ̀ láti igun lápẹ́lì, rán an lọ sí àárín iwájú. Tí o bá dé àmì, dúró, jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì sókè, tẹ́ aṣọ rẹ́gírẹ́gí, sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kí o máa lọ. Rán ínǹṣì kan ṣáájú àti ínǹṣì kan lẹ́yìn àmì pẹ̀lú ìrán kéékèèké. Ìrán kéékèèké yẹn ni yóò di aṣọ mú nígbà tí o bá là á. Lẹ́yìn náà, mú ẹnu sísọ́ọ̀sì tó mú, la àyè ìránpọ̀ ní àmì náà títí yóò fi ku fọ́nrán kan sí òwú. La ìyípo ọrùn tó kù ní ½ ínǹṣì, ½ ínǹṣì. Gé àyè ìránpọ̀ ní àkàbà, kí gbogbo rẹ̀ má parí síbi kan náà. Dojú rẹ̀ bọ̀.

Ṣe é lórí ṣíìtì lẹ́ẹ̀kan sí i lálẹ́ yìí. Bó bá dúró, gé àdìrẹ lọ́la.

Dẹsáínà Gwarinpa
Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́

Ẹ ṣé Bàbá. Kí ó tún dé igun lápẹ́lì, kí ó má yí abẹ́rẹ́ lórí ṣóńṣó kan ṣoṣo. Kí ó rán ìrán kan ní ìdàbú igun náà, ṣóńṣó á mú dáadáa tí ó bá dojú rẹ̀ bọ̀. Kí ó má fi sísọ́ọ̀sì ti igun jáde, ó máa ń lu aṣọ. Igi ìjẹun àwọn ará Ṣáínà ni mo ń lò.

Aránṣọ Kúbwà
Ọjọ́bọ̀, 10:48 alẹ́

Mo ti parí rẹ̀. Iná lọ láti agogo mẹ́rin, áyọ́ọ̀nù eléèédú ti aládùúgbò mi ni mo fi lọ gum stay náà. Mo tẹ aṣọ funfun tó tutù lé e lórí kí eérú má bàa kàn án. Ó mú dáadáa. Ṣíìtì ìkejì kò ká jọ rárá, ni mo bá gé àdìrẹ. Fésìn wọ inú aṣọ tó kù, kọ́là òkè wọ̀ ọ́, ti abẹ́ ni mo fi ìránpọ̀ sí ní àárín ẹ̀yìn bí ẹ̀gbọ́n Jos ṣe wí. Ìrépé tó kù kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òun ni mo fi ṣe lúùpù.

Mo gbé e wọ dọ́mì, mo pa á dé, mo ṣí i, mo tún pa á dé. Lápẹ́lì sùn.

Aránṣọ Kúbwà
Ọjọ́ Jímọ̀, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Oníbàárà mi wá ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Ó wọ̀ ọ́ níwájú dígí, ó pa á dé, ó ní ó fún òun díẹ̀ ní ọ̀fun, nítorí ọrùn òun ti sanra ju ti ìgbà tí mo wọ̀n ọ́n. Mo kàn yọ bọ́tìnnì òsì, mo sún un padà ní ¼ ínǹṣì sí àárín iwájú. Ibẹ̀ náà ni kọ́là ṣì ń bò ó. Ó gbé itọ́ mì lójú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó wọ híjáàbù lé e, ó lọ síbi iṣẹ́.

Ó ní òun máa gbé aṣọ kejì wá lọ́jọ́ Ajé, silk aláwọ̀ ewéko. Silk ńkọ́, ṣé gum stay kan náà ni?

Àbẹ̀kẹ́ Sábó Kánò
Ọjọ́ Jímọ̀, 4:41 ìrọ̀lẹ́

Rárá o! Áyọ́ọ̀nù tí àdìrẹ fara dà á jó silk, òmíràn sì ń ní àmì omi. Organza, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó le díẹ̀, tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu ni kí o lò dípò stay, kí o fi ọwọ́ rán an mọ́ etí rẹ̀. Bí silk náà bá dé, gé ìrépé kan, kí o bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun síbí, a ó jọ wò ó.